«Mo Mọ̀ Ọ́n»: Ẹ̀kọ́ Lórí Dídá Oníbàárà Mọ̀ Kí A Tó Ka Owó Fún Un



Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ó ṣe lọ́la, nítorí pé àwọn kan nínú wa ti fi omijé san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú dáńfó ní Ìyànà Ìbà ní ìrọ̀lẹ́, yálà láti Mile 2 ni ó ti ń bọ̀ tàbí láti Agbára, kò ní pẹ́ rí àwọn agbòjò oní-POS. Wọ́n wà níbi tí ọ̀nà ti yà sí Ìbà àti Ìgàndó, wọ́n sì wà lápá ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó sábẹ́ agbòjò wọ̀nyí. Ẹlòmíràn ń retí ìwé ìgbaniwọlé, ẹlòmíràn ti jáde ilé-ìwé tí kò tíì ríṣẹ́, ẹlòmíràn sì ń fi í ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè san owó ilé-ìwé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Ọ̀gá ni ó ni ẹ̀rọ, ọ̀gá ni ó ni owó tí ó wà nínú àpótí, owó oṣù ni ọmọ iṣẹ́ ń gbà. Bí owó bá dín ní alẹ́, ẹ mọ ẹni tí yóò san án.

Arábìnrin wa kan, tí a kò ní dárúkọ, wà lára wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti fẹ́ pe ìrun Màgríbì, ọkùnrin kan tí ó máa ń kí i ní sàláámù lójoojúmọ́ yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jàlàbíà ni ó wọ̀, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun wà ní ilé ìwòsàn, òun fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rin náírà kíákíá. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sì yí ojú rẹ̀ sí i pé kí ó wò ó, owó ti lọ. Kò pẹ́ tí fóònù arábìnrin wa náà dún, tí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó ní orúkọ báǹkì lórí sì wọlé. Ó ka owó fún un, ó tún bá a ṣàdúà fún ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí ó kírun tán tí ó ṣí àkáǹtì wò ni ó tó rí i pé kọ́bọ̀ kan kò wọlé. Ayédèrú ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, oṣù mẹ́rin ni ó fi san án tán. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ wo àkáǹtì, èsì rẹ̀ kò gùn. Ó ní: «Mo mọ̀ ọ́n.»

Ọ̀rọ̀ yìí rán wa létí ìtàn kan tí àwọn àáfà wa máa ń sọ nípa Sayyidina Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ọkùnrin kan wá jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Umar ní òun kò mọ̀ ọ́n, kí ó lọ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wá. Ẹnì kan nínú àwùjọ ní òun mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́ ènìyàn. Ni Umar bá bẹ̀rẹ̀ sí bi í ní ìbéèrè. Ṣé aládùúgbò rẹ̀ ni, tí ó mọ òru rẹ̀ àti ọ̀sán rẹ̀? Rárá. Ṣé wọ́n ti jọ ná owó rí, tí dínárì àti díríhámù ti kọjá láàárín wọn? Rárá. Ṣé wọ́n ti jọ rin ìrìn-àjò? Rárá. Umar ní a jẹ́ pé kò mọ ọkùnrin náà rárá. Bí àwọn mìíràn ṣe gba ìtàn náà wá, ó tilẹ̀ bi í léèrè bóyá mọ́sálásí ni ó ti rí i tí ó ń tẹrí ba tí ó sì ń gbé e sókè.

Ẹ wo ìbéèrè mẹ́ta náà dáadáa. Kò sí èyí tí ó kan aṣọ nínú wọn, kò sí èyí tí ó kan bí ènìyàn ṣe ń kíni. Arábìnrin wa mọ ojú ọkùnrin náà, ó sì mọ ohùn rẹ̀. Kò mọ ilé rẹ̀, kò mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, owó tí ó sì ti kọjá láàárín wọn rí kò ju ẹgbẹ̀rún méjì, mẹ́ta náírà lọ. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí ju àwa lọ. Ẹlòmíràn nínú wọn a máa fi ọ̀sẹ̀ méjì gba owó kékeré tí ó jẹ́ òtítọ́, kí ojú rẹ̀ lè di ojú tí a mọ̀, kí ó tó wá gbé ti èké dé. Ó sì mọ àkókò tí ó yẹ kí òun wá: ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí èrò pọ̀, tí ìrun fẹ́ kọjá, tí ọkàn ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ti wà ní ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Nínú Súratul-Baqarah, ní āyà 282, tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Ó wá yọ òwò ojú ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, èyí tí a ń ṣe lọ́wọ́-sí-lọ́wọ́, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí a kò bá kọ ọ́. Oní-POS rò pé òwò ọ̀wọ́ kejì yìí ni òun ń ṣe. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí owó bá ti wọ àkáǹtì. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tíì wọlé, tí a sì ti ka owó sí ẹlòmíràn lọ́wọ́, a ti yá a lówó nìyẹn. A yá a láìkọ ọ́ sílẹ̀, láìsí ẹlẹ́rìí, láìmọ orúkọ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ yá àlejò ojú títì ní ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rin náírà? Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí owó wọ́n nítorí pípààrọ̀ owó náírà. Àwọn ọjọ́ wà tí owó tí a fi fóònù ránṣẹ́ yóò kúrò ní àkáǹtì ẹnì kan tí kò ní dé ti ẹnì kejì fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ kò purọ́, síbẹ̀ ẹni tí ó sanwó fún un ti wọ gbèsè. Nítorí náà, bí a bá ní kí a wo àkáǹtì, a kò pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn òyìnbó ni ó kó ìdánimọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ ìwé àti owó. Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, wọ́n sọ fún un pé wọn kì í ka ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀. Ó ní kí wọ́n rọ òrùka fàdákà kan, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sí i. Kò bínú pé wọn kò gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ láìsí àmì. Ó sì kọ̀ fún gbogbo àwọn sàábé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òrùka tirẹ̀, nítorí pé òǹtẹ̀ tí ènìyàn méjì bá ní kì í ṣe òǹtẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń wá ohun tí ó jọ PIN nínú ìtàn ìgbà náà, òrùka yìí ni.

Lẹ́yìn èyí, àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí lo ìwé kan tí wọ́n ń pè ní sakk, tí wọ́n fi ń pàṣẹ tàbí jẹ́wọ́ owó tí ẹnì kan yóò san fún ẹlòmíràn. Àwọn kan sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ tí òyìnbó ń pe sọ̀wédowó ti wá. Ibn Hawqal, arìnrìn-àjò ọ̀rúndún kẹwàá, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí sakk kan ní Awdaghust, ìlú òwò kan ní etí aginjù Sàhárà, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Mauritania lónìí. Oníṣòwò Awdaghust ni ó jẹ gbèsè náà, ará Sijilmasa ní ilẹ̀ Mòrókò ni ó ni owó, iye rẹ̀ sì jẹ́ 42,000 dínárì. Àwọn ẹlẹ́rìí ti jẹ́rìí sí i. Aginjù wà láàárín àwọn méjèèjì, ìwé tí ó ní ẹlẹ́rìí ni ó sì so wọ́n pọ̀. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Àwọn òbí wa bá sọ̀wédowó ní báǹkì. Wọ́n mọ̀ pé akọ̀wé yóò fi ìbuwọ́lùwé tí ó wà lórí rẹ̀ wé èyí tí ó wà ní ìpamọ́, wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá fa ìlà méjì sí i lórí, a kò ní ka owó rẹ̀ síni lọ́wọ́, àkáǹtì ni yóò wọ̀. Òfin ọdún 1977 sì wà fún ẹni tí ó bá kọ sọ̀wédowó tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, láìsí owó ìtanràn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n gba sọ̀wédowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n sì ka owó fún un, kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ tiwọn. Akọ̀wé ibẹ̀ a máa bèèrè ìwé ìdánimọ̀ tí ó ní àwòrán, òmíràn a gba ìtẹ̀ka, òmíràn a tẹ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ sọ̀wédowó láago. Bí owó tí wọ́n kà fún ẹnì kan lóòjọ́ bá sì ju 10,000 dọ́là lọ, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba. Iṣẹ́ kan náà ni ọmọ wa ń ṣe lábẹ́ agbòjò ní Ìyànà Ìbà. Ẹ̀rọ ni ó yàtọ̀, àti pé kò sí gíláàsì láàárín òun àti oníbàárà.

Kí ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀? Báńkì Àpapọ̀, CBN, bẹ̀rẹ̀ BVN ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejì ọdún 2014, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú oníbàárà sí nọ́ńbà mọ́kànlá kan. Ní Oṣù Kejìlá 2023 wọ́n pàṣẹ pé àkáǹtì ènìyàn tí kò bá ní BVN tàbí NIN, a kò ní jẹ́ kí ó yọ owó mọ́ láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta 2024. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé báǹkì ni ó ń rí ìtẹ̀ka àti àwòrán wọ̀nyí. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí POS kò rí wọn. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún un ni pé káàdì yìí dára, PIN rẹ̀ sì bára mu. PIN kò sọ ẹni tí ó dúró síwájú rẹ fún ọ. Ó sọ pé ẹni náà mọ nọ́ńbà mẹ́rin.

Ẹ sì mọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń mọ nọ́ńbà mẹ́rin náà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ «one chance» ní Èkó yìí, wọn a gba káàdì rẹ̀, wọn a lù ú títí yóò fi sọ PIN, wọn a sì rán ẹnì kan nínú wọn lọ sí ìdí POS kí ó lọ gba owó kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Owó tí oní-POS kà ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, tí ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí rẹ̀, ìyá ẹnì kan ni wọ́n fi ń dá lóró lọ́wọ́ lọ́wọ́. Bí ọlọ́pàá bá tọ ipa owó náà, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ dé. Nítorí èyí ni a ṣe ń sọ pé dídá oníbàárà mọ̀ ju ọ̀rọ̀ kí owó ọ̀gá má ṣòfò lọ.

Àwa kò lè sọ pé kí ẹ béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ìyá aláta tí ó fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Òwò kò ní rìn, ẹ ó sì fi ìyà jẹ tálákà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá àgbà máa ń fi káàdì rán ọmọ, orúkọ tí ó wà lórí káàdì kò sì ní bá ojú ọmọ mu. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti ń tó ìdajì ohun tí ó wà nínú àpótí rẹ, tàbí tí o kò tíì rí ẹni náà rí, bi í ní orúkọ tí ó wà lórí káàdì kí ìwọ fúnra rẹ tó wò ó. Ẹni tí ó ni káàdì kì í ronú kí ó tó dáhùn. Ẹni tí wọ́n rán, jẹ́ kí ó pe ẹni tí ó rán an lórí fóònù, kí o sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí ó kó káàdì mẹ́rin oríṣiríṣi lọ́wọ́, tí PIN kan kọ̀ tí ó tún yọ òmíràn, dá káàdì rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù pé kò sí owó. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn oníbàárà tí ó ń sọ ohun tí yóò tẹ̀ fún un, tí ojú oníbàárà náà sì ń gbọ̀n, má ṣe pariwo. Sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára, kí o sì wá ẹni tí yóò pe ọlọ́pàá.

CBN pàápàá ti fún yín ní àwáwí tí ó dára. Ní Oṣù Kejìlá 2024 wọ́n pàṣẹ pé ohun tí oníbàárà kan lè gbà ní ìdí POS ní ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ₦100,000 lọ, àti pé gbogbo owó tí aṣojú báǹkì kan yóò kà síta lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ₦1,200,000 lọ. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pín ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó sí ọ̀nà mẹ́rin fún òun lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ sọ fún un pé ìjọba ni kò gbà.

Ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, aago, iye owó, nọ́ńbà mẹ́rin ìparí káàdì, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù bí owó bá pọ̀: ó tó. PIN ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà pè é sókè fún yín láti tẹ̀, kódà bí ó bá ní ojú òun kò ríran dáadáa. Àṣírí tí ènìyàn fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́, àmánà ni. Nọ́ńbà BVN àti NIN tí ẹ gbà nígbà tí ẹ ń bá ènìyàn ṣí àkáǹtì kì í ṣe ohun tí a ń tà. Òfin ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pẹ̀lú.

Àwọn arábìnrin tí ń lo níkáàbù béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àbùkù ni tí wọ́n bá ní kí àwọn fi ojú hàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíqhì gbà pé obìnrin lè ṣí ojú rẹ̀ níbi ẹ̀rí àti níbi òwò kí a lè mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin bá wà ní ìdí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti dẹ̀rọ̀. Ẹ̀yin arákùnrin oní-POS, ẹ wá obìnrin tí yóò wò ó bí ó bá wà nítòsí, kí ẹ sì má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ó ku àwọn tí wọ́n wà ní òdìkejì tábìlì. A gbọ́ pé àwọn kan ń wá bá àwọn ọmọ ilé-ìwé pé kí wọ́n yá àwọn ní àkáǹtì, owó kan yóò gbà á kọjá, wọn yóò sì fún wọn ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi nílò tìrẹ ni pé wọn kò fẹ́ kí ojú àti ìtẹ̀ka tiwọn wà níbẹ̀. Tìrẹ ni yóò wà níbẹ̀. Láti ọdún 2017 ni CBN ti ní ìlànà fún kíkọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá fi àkáǹtì ṣe jìbìtì sílẹ̀, BVN kan ni ó sì so gbogbo àkáǹtì rẹ pọ̀ ní gbogbo báǹkì. Ọmọ ogún ọdún tí ó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lórí irú owó bẹ́ẹ̀ ti fi òrùka rẹ̀ fún olè.

Arábìnrin wa ṣì wà lábẹ́ agbòjò rẹ̀. Ó ti yí ohùn àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù rẹ̀ pa, nítorí pé ó ní ohùn yẹn ni ó tan òun jẹ. Àkáǹtì ni ó ń ṣí wò báyìí, fún ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, ó sì ti kọ ọ́ sí páálí kan níwájú tábìlì rẹ̀ pé kí ẹ jọ̀ọ́ ṣe sùúrù. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dára, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí kò bá dára, àwọn mìíràn a ṣe hùn-ún, wọn a sì kọjá sí agbòjò tí ó tẹ̀lé e.